Ìye àti Sàréè Mísì Júdì

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìye, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ta ni jẹ́jẹ́? Ìye tí wọ́n gbé ọmọ odó lé agbowó-orí títí dé ojú títì? Ìye tí kò bá ọmọ ìyá wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà nítorí agbọ̀n eyìn kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ òkú.

Ìye ló bí bàbá mi. Ìye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá, gbogbo ìlú Ìkọ̀yà ló sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, tọmọdé tàgbà. Bàbá àti ìyá mi wà ní Sàpẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ igi, nítorí náà ọwọ́ Ìye ni mo dàgbà sí. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Yorùbá ilé-ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síhìn-ín, kí ẹni tí kì í ṣe ará wa lè gbọ́ ọ. Bí ó bá tutù létí yín, ẹ má bínú, èmi ni mo bu omi sí i.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn. N kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àti ohun kan tí wọ́n ṣe tí èmi náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ohun náà ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Epo ni Ìye ń fún. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, wọ́n á ti wà níbi tí a ti ń se eyìn, ẹsẹ̀ wọn á ti pọ́n dé orúnkún. Wọn kò mọ bí a ti ń ṣìpẹ̀ fún ènìyàn. Bí o bá ń sunkún, iṣẹ́ ni wọ́n á gbé fún ọ. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mo ń da omi lójú, Ìye gbé ìkòkò síwájú mi. Wọ́n ní, "Fọ èyí ná. Tí o bá fọ̀ ọ́ tán tó ṣì ń dùn ọ́, òmíràn wà lẹ́yìn ilé."

Ọmọ méje ni wọ́n bí, mẹ́rin ló kù. Àgbàlagbà ni ọ̀kan nínú àwọn tó kú, Àbẹ̀kẹ́, tí àrùn mú lọ lọ́dún tí wọ́n fẹ́ gbé e níyàwó. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í rí ojú sàréè ọmọ rẹ̀, kí ó má baà pa á. Àwọn ọkùnrin ló ń lọ sin ín, wọ́n á sì dákẹ́ ẹnu wọn títí ayé. Ìye kò béèrè ibi tí Àbẹ̀kẹ́ wà rí. Nígbà tí mo bi wọ́n ní kékeré pé kí ló dé, wọ́n na ọwọ́ elépo wọn sí mi lójú. "Mò ń jẹun, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Bí mo bá mọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni ìwọ ì bá máa wá mi lọ."

Mo ní láti sọ ti Mísì Júdì báyìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ Mísì kò lè mọ Ìye.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n rán an wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí módà wa, ilé-ìwé tí à ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, fún ọdún méjì. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ọjọ́ orí yẹn ni èmi náà wà báyìí, nítorí náà n kò ní máa fi "wọ́n" pè é mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ mi ni. Ilé olùkọ́ kò tíì parí nígbà tó dé, ni Ìye bá fún un ní yàrá tó kọjú sí títì.

Èmi ni ògbufọ̀. Ìbéèrè kìn-ín-ní tí Ìye bi í ni pé, "Ta ló lé ọ kúrò nílé?" Mísì rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó lé òun, òun kàn fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ni. Ṣé owó ńlá ni wọ́n fẹ́ fún un? Ó ní rárá, owó oúnjẹ lásán ni. Ìye yíjú sí mi. "Ó ń purọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó ṣẹ̀ wọ́n nílé." Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ tí a kò mọ̀ bá dúró níwájú ilé wa, Ìye á ti Mísì wọ inú yàrá, wọ́n á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, apá méjèèjì lórí ìbàdí. Mísì kò mọ ìdí ẹ̀. Ó rò pé àṣà wa ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń pọn omi rẹ̀ lódò. Garawa rẹ̀ kì í kún tó bá fi máa délé, gbogbo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ á sì tutù. Á wá se omi náà, á dà á sínú ìgò, kó tó mu ún. Èyí bí Ìye nínú. "Omi tí bàbá ọkọ mi mu títí tó fi hu ewú, òun ló ń sè bí ẹ̀wà yìí!" Síbẹ̀, àwọn náà ni wọ́n ń dá iná fún un láràárọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ sílé-ìwé. Kíláàsì mẹ́ta ló ń kọ́, ìwé kò sì tó, nítorí náà ojú pátákó ló ń kọ gbogbo ẹ̀kọ́ sí, a ó máa dà á kọ, ẹfun á bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń gé páálí mílíìkì láti fi kọ́ wa ní ìṣirò. Ó ń pariwo mọ́ wa nígbà mìíràn, á sì tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì, èyí tí a kò rí kí olùkọ́ ṣe rí. Bó bá dé nílé, á jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wo iṣẹ́ wa, Ìye á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa pa ekùrọ́. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ bí ọ̀kan bá pẹ́ dé, èkejì á máa wo ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkìtìpupa láti wo lẹ́tà. Nígbà mìíràn á máa kọrin bọ̀. Nígbà mìíràn kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Ohun tó nira fún un jù ni pé kò lè dá wà. A kì í kan ilẹ̀kùn. Obìnrin á wọlé, á jókòó lórí ibùsùn rẹ̀, á máa wò ó. Ó bẹ Ìye pé òun fẹ́ wákàtí kan lóòjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní wọlé. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìye ní, "Kí ló fẹ́ fi ìdáwà ṣe? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?" Wọ́n wá rán mi pé kí n lọ jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan dé, Mísì lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń sunkún. Ìye gbé òkúta àti agbọ̀n ekùrọ́ fún un. Ó pa á, ó pa á, títí tó fi fi òkúta náà pa àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó kígbe. Ìye di ọwọ́ náà mú, wọ́n fi epo rà á, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹkún rẹ ti nídìí báyìí. Sun ún dáadáa." Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Mísì ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Òjò ọdún kejì ló pa á. Ibà ni. Ó ń lo oògùn tirẹ̀, Ìye ń fún un ní àgbo, kò sí èyí tó ràn án. Omi ti gbé afárá ọ̀nà Òkìtìpupa lọ, ọkọ̀ kò lè kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, àwọn ọkùnrin ṣì ń so igi pọ̀ láti fi gbé e nígbà tó kú sọ́wọ́ Ìye. Ìye kò pariwo. Wọ́n nu ẹnu rẹ̀, wọ́n di irun rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n wá bi mí pé kí ló sọ gbẹ̀yìn. Mo ní màmá rẹ̀ ló ń pè. Ìye ní, "Mo gbọ́ ìyẹn. Ìyẹn kò nílò ògbufọ̀."

Òkú kò lè dúró kí odò fà. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tó jẹ́ àlejò nílùú bíi ti Mísì, fẹ́ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn, kó ri àgbélébùú mọ́ ọn, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìye dìde. Mo ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jà, àmọ́ n kò rí irú ti ọjọ́ yẹn.

"Ìyá rẹ̀ kò ha wà láyé?"

"Ó wà, Ìye."

"Ẹ wá fẹ́ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ de ìyá? Ẹ fẹ́ kó wá bá a níbẹ̀? Ọ̀gá, ṣé ẹ kórìíra obìnrin náà ni?"

Ọ̀gá ní bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìye ní Ìkọ̀yà ló kú sí. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé Ìye, ọ̀gá kò sì lè ṣe nǹkan kan. Orí ilẹ̀ ẹbí wa ni wọ́n sin ín sí, lẹ́yìn ilé-ìwé, lójú ọ̀nà odò, nítòsí igi àràbà ńlá kan. Ọkùnrin méjì gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì da ewé sí i. Àwa ọmọ kíláàsì rẹ̀ díẹ̀ lọ kọrin. Ìye kò lọ. Wọ́n ní àwọn náà ni ìyá rẹ̀ níbí, nítorí náà àwọn kò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Má sọ fún mi o. Tó bá tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún mi."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Màmá Mísì dé. Wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé wa nígbà náà, ọ̀gá tuntun kò sì mọ nǹkan kan. Obìnrin kúkúrú ni Màmá Mísì, wọ́n dé fìlà koríko, wọ́n gbé àpò kan dání. Nínú àpò náà ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ wọn sí. Wọ́n fi hàn wá kí wọ́n tó jókòó pàápàá.

Ìye pa òbúkọ. Wọ́n fún àlejò wọn ní yàrá Mísì, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pọn omi ìwẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń se omi mímu wọn láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí Màmá Mísì béèrè ibi tí ọmọ àwọn wà, Ìye ní kí n sọ pé ó ti sinmi. Wọ́n tún béèrè. Mo tún sọ ọ́. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi ni kò tó.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Mísì dá rìn yí gbogbo ìlú ká. Àwọn ènìyàn ń kúnlẹ̀ fún wọn, wọ́n ń kí wọn kú ìrọ́jú, wọ́n sì ń yí ojú sẹ́yìn. Wọ́n rìn gba ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ sódò, wọ́n rìn bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo fọ bàtà wọn. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ojú ọ̀nà náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Mísì kò jẹun. Ìye lọ lóṣòó síwájú wọn, wọ́n di ẹsẹ̀ wọn méjèèjì mú. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí n má fo nǹkan kan.

"Sọ fún un pé mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. N kò mọ ibi tó wà. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, á pa mí. Wọ́n fi ṣàánú mi ni. Òun ni mò ń fi ṣàánú rẹ̀."

Màmá Mísì gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ mi. Sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà lórí omi. Mo fẹ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó pa mí tó bá fẹ́ pa mí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Omi bọ́ lójú Ìye, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní rárá.

Nígbà náà ni Màmá Mísì yí sí mi. Wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ àwọn ni mí, ó sì kọ nípa mi nínú lẹ́tà. Ṣé èmi mọ ibẹ̀? Ìye kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí obìnrin náà ń bi mí. Wọ́n ń wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Mo ní rárá mà, n kò mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì náà dán mọ́rán, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Mísì ni ó kọ́ mi.

Màmá Mísì fi aṣọ wé irin náà padà. Wọ́n dì mọ́ Ìye, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ìye gbé ọwọ́ lé mi lórí. "O ṣeun, Rónkẹ́. O gbà á lọ́wọ́ ikú." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹ má ṣe dá mi lẹ́bi ju bí mo ti ń dá ara mi lọ.

Lọ́dọọdún, lẹ́tà wọn ń dé. Ní ìparí rẹ̀, ìbéèrè kan náà. Ìye á ní kí n kọ ọ́ pé ara wa le, òjò ti bẹ̀rẹ̀, eyìn so dáadáa. Ogun dé, ogun lọ. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo ṣe tán, mo padà wálé láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkọ̀yà, Ìye sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n Mísì ọkùnrin ló kọ ọ́. Ìyá wọn ti kú. Ó ní lórí ibùsùn, títí dé òpin, wọ́n ń béèrè bóyá ilẹ̀ tó wà lára ọmọ àwọn pupa ni tàbí ó dúdú.

Ìye ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Pupa ni," ni Ìye wí. "Gbogbo ilẹ̀ yẹn pupa ni. À bá ti sọ ìyẹn fún un. Háà, Rónkẹ́! Kí ló dé tí a kò sọ ìyẹn nìkan?"

Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n wẹ̀, wọ́n ró aṣọ tó dára, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Mú mi lọ. Ìyá rẹ̀ ti lọ, ó ku èmi. N ó fi ọwọ́ kan ibẹ̀ fún un."

Ìye fẹ́ lọ wo sàréè ọmọ! Ẹ ò rí nǹkan. Mo di ọwọ́ wọn mú, a rọra ń lọ gba ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti purọ́ yẹn ni n kò ti fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo sì ti lọ gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀pẹ tuntun ni mo rí, tí wọ́n gbìn ní ìlà gbọọrọ títí dé odò. Àbúrò bàbá mi ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ. Wọ́n ti fi katakata tú gbogbo rẹ̀, wọ́n ti wú àràbà náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ọ̀nà odò pàápàá ti yà síbòmíràn.

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Mo ka ìlà ọ̀pẹ. Mo dúró níbi tí mo rò pé igi náà wà, mo tún kúrò níbẹ̀. Ìye fara ti ọ̀pá wọn, wọ́n ń wò mí. Àbúrò bàbá mi kò sí níbi ìsìnkú náà, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Nínú àwọn ọkùnrin méjì tó gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan kú sógun, èkejì ti kó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó kọrin lọ́jọ́ náà ń tọ́ka sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo ní, "Ìye, n kò mọ̀ ọ́n mọ́."

Wọ́n wojú mi. Wọ́n ní, "Mo ti darúgbó. Kò lè ṣe mí ní nǹkan kan mọ́. Fi hàn mí."

Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ náà, mo fi ìyá mi búra. Ìye rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Mo mọ ojú tí o ń ṣe yẹn. Òun lo ṣe fún ìyá rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí bóyá ọkàn mi ti gbà. Wọ́n bẹ̀ mí. Ìye tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí! Àbúrò bàbá mi ní kí n nawọ́ sí ọ̀pẹ kan, èyíkéyìí, kí ara lè tu ìyá àgbà. Mo rò ó. Mo mú wọn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé ọwọ́ sókè, ẹnu mi kò gbà á. Irọ́ tí mo ti pa lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n lọ, mo ń fi omi ra ètè wọn. Wọ́n la ojú, wọ́n mọ̀ mí. "O le jù mí lọ, Rónkẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi sunkún nígbà tí mo ṣe é fún un."

Mo ń sunkún, wọn kò rí i. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé kí Ìye sùn ire, kí wọ́n má jẹ ọ̀kùn, kí wọ́n má jẹ ekòló. Ohun tí èmi fẹ́ kí wọ́n gbọ́ kò jù báyìí lọ. Ìye, n kò fi í pamọ́ fún yín. Mo sọ ọ́ nù ni.